Kí Ni Wọ́n Ń Ṣe Lórí Ilẹ̀ Yìí Tẹ́lẹ̀?

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Òkìtìpupa pe àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kí a wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ dìde, olùkọ́ kan tẹ̀lé e, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì dáadáa. Bí ó ṣe kàn mí, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá Ọ̀dà Pupa!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. Bí ẹ bá ti rí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ara ògiri rẹ̀ pé kí iṣẹ́ dúró, irú wa ló kọ ọ́.

Àkókò tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà kò tó. Mo ṣì ń ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ iyanrìn tó dára nígbà tí alága ní kí n jókòó. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n yẹ pílánù ilé wò kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀, kí n sì máa lọ wo ilé náà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ ìdààmú ni. Lójú tèmi, n kò tíì rí iṣẹ́ tó dùn tó o.

Ìtàn bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, ọ́fíìsì tí ń fọwọ́ sí pílánù ń wá ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín sìmẹ́ńtì tó dára àti èyí tó ti sùn, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù tó mi í jẹ púpurú àti ẹja. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Akíndúró ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkọ̀yà, ọkùnrin gíga tínrín tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ní ọ̀pá irin kan tó ga jù ú lọ, orí rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń dì í mú láti ọjọ́ pípẹ́. Bí a bá wọ àdúgbò pẹ̀lú ọ̀pá náà, àwọn obìnrin á sáré wọ ẹ̀yìnkùlé lọ bo ìkòkò omi wọn, torí wọ́n rò pé wolé-wolé tí ń wá ìdin inú omi ni wá. Ọ̀gá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ fi ìkòkò yín sílẹ̀, ẹ̀yin ìyá. Ilé ni mo wá wò, kì í ṣe omi." Wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n á bò ó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a jókòó ti pílánù, ó na ìka sí ògiri kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀," ó ní.

"Kí n béèrè kí ni, sà?"

"Béèrè pé ta ló gbé e."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré, àmọ́ ó ń wò mí. Mo tẹríba sórí ìwé náà, mo ní, "Ìwọ ògiri, ta ló gbé ọ?" Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Kí ló dá ọ lóhùn?"

Mo wá a lórí ìwé, mo rí i. "Ó ní bíìmù tó wà lábẹ́ òun ni, sà."

"Bíìmù ńkọ́? Ta ló gbé e?"

"Òpó méjì yìí, sà."

"Àwọn òpó ńkọ́?"

"Ìpìlẹ̀. Ilẹ̀ ló sì gbé ìpìlẹ̀."

"Ta ló gbé ilẹ̀?"

"Ọlọ́run ni, sà."

Ìgbà yẹn ni ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọlọ́run ló gbé e lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ wo ni Ó gbé? Ìyẹn kò sí nínú ìwé. A ní láti lọ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀."

Bí a ṣe ń yẹ pílánù wò nìyẹn, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, a ò ní dúró títí a ó fi kan ilẹ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe máa ń dùn mọ́ mi tó. Nígbà míì, a óò rí ògiri kan ní òkè tó dúró sí àárín yàrá ìsàlẹ̀, tí kò sí ohunkóhun tó gbé e. Ẹni tó yà á kò ní èrò búburú lọ́kàn o. Ó kàn fẹ́ kí yàrá ọmọ fẹ̀ ni. A óò fi léèdì pupa yí i ká, a óò dá a padà fún un, á tún un yà. Ilé tí ì bá wó lé àwọn ọmọ náà lórí, orí ìwé ló ti wó, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó rí i tó wó.

Lẹ́yìn pílánù ni ìbẹ̀wò. Òfin tí Ọ̀gá mú le jù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da kọnkéré sínú kòtò ìpìlẹ̀ kí a tó wò ó. Ó máa ń sọ pé òpó tí kò dára ṣì ń bẹ níta tí ojú lè rí i, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí a ti bò, ó di ọ̀rọ̀ àárín òun àti ilẹ̀. Ó kọ́ mi láti bẹ́ sínú kòtò kí n fi gìgísẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó kọ́ mi láti bu iyanrìn sínú ìgò, kí n da omi sí i, kí n mì í, kí n gbé e kalẹ̀: bí ó bá tòrò, tí ẹrẹ̀ tó dúró lórí iyanrìn nípọn, kí wọ́n kó iyanrìn yẹn padà. Èyí tó bá wá láti etí òkun, a máa ń tọ́ ọ wò lẹ́nu, torí iyọ̀ ń jẹ irin nínú kọnkéré láìsí ariwo. Búlọ́ọ̀kù, a óò gbé e dé orúnkún, a óò jù ú sílẹ̀. Òpó, a óò fi òòlù kàn án: èyí tó dára á dún gbà-gbà bí ilẹ̀kùn igi líle, èyí tó ní ihò nínú á dún bù-ù bí àgbá òfìfo. Mo fẹ́ràn òòlù yẹn débi pé mo kan òpó ilé ìjọsìn wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó tèmi. Ìyàwó mi ṣì ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, Ọ̀gá Akíndúró á wá obìnrin tó dàgbà jù ní àdúgbò náà lọ. Á kí i, á jókòó tì í, bí ó bá ń bó ẹ̀gẹ́, á mú ọ̀bẹ, á bá a bó o. Lẹ́yìn náà ni á wá bi í pé, "Màmá, kí ni wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀?"

Mo bi í pé kí ló dé tí kì í bi àwọn ọkùnrin. Ó ní ọkùnrin á sọ ẹni tó ni ilẹ̀ fún un, títí dé ẹjọ́ tí bàbá bàbá wọn rò lé e lórí. Obìnrin ló máa sọ ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, ibi tí wọ́n gbẹ́ láti rẹ ẹ̀gẹ́, àti ibi tí wọ́n ti ń fọ epo.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, torí òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀ mọ̀ pé epo ni ilẹ̀ wa. Láyé àwọn ìyá ìyá wa, kò sí ẹ̀rọ ìfọpo, kòtò ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ gún ẹyìn. Bí wọ́n bá gba epo tán, wọ́n á kó ìhá, ìyẹn fọ́nrán ẹyìn tí epo ti jáde lára rẹ̀, wọ́n á dà á sẹ́yìn. Wọ́n á mú díẹ̀ nínú rẹ̀ dá iná, èyí tó kù á wà níbẹ̀. Èyí ń gun orí èyí, ọdún ń gorí ọdún, títí ìdílé náà á fi ṣí lọ síbòmíràn. Òjò á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á bò ó, koríko á hù sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ á dúdú, á rẹwà, ohunkóhun tí o bá gbìn á ta. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ilẹ̀ ọlọ́ràá nìyí. Ṣùgbọ́n ìhá ń jẹrà lábẹ́, díẹ̀díẹ̀, ó ń súnkì. Oko lè wà lórí rẹ̀. Ilé kò lè wà lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Màmá Tèmídire ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ etí òkun ni, ẹja gbígbẹ ló ń tà ní Òkìtìpupa. Òkun ti gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ó gbé ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́. Ọkọ náà kú, ó kó àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí òkè, ó ra ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Erinje. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló fẹ́ kọ́, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè. Pílánù rẹ̀ dára. Gbogbo ògiri ibẹ̀ ló dáhùn nígbà tí a bi wọ́n ní ìbéèrè. Lọ́jọ́ tó wá gbà á, inú rẹ̀ dùn débi pé ó mú ẹja wá fún gbogbo ọ́fíìsì, Ọ̀gá sì dá tirẹ̀ padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ̀yin ará òkè," ó ní, "ẹ ò mọ ohun tí Ọlọ́run fún yín. Lọ́dọ̀ tiwa, bí o bá dùbúlẹ̀, ìwọ yóò máa gbọ́ omi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Èmi fẹ́ sùn lórí ohun tí kì í rìn."

"Ẹ ó sùn, Màmá," ni Ọ̀gá wí. "Kí wọ́n ṣáà má dí kòtò kí n tó dé."

Ọjọ́ tí a fi àdéhùn sí, a dé ibẹ̀, wọ́n ti dí kòtò. Kọnkéré ti gbẹ. Agbaṣẹ́ṣe rẹ̀, Wálé, ọmọkùnrin tó yá mọ́ ènìyàn tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá jù, sáré wá pàdé wa.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, òjò ló ṣú. Mo wò ó fún yín kí a tó dà á."

"O wò ó fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Dáadáa."

"Wálé, ìgbà wo ni mo yá ọ lójú mi?"

Ọ̀gá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó kọjá sí ilé kejì, níbi tí ìyá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ọ̀rẹ́ ti ń fẹ́ ẹ̀gúsí. Ó kí i, ó jókòó, ó bá a fẹ́ ẹ, ó bi í ní ìbéèrè rẹ̀. Ìkálẹ̀ ni ìyá náà fi dáhùn. Èmi ni mo kọ ọ́ báyìí kí gbogbo ènìyàn lè kà á.

"Iwájú yẹn, oko ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ̀yìn yẹn, níbi tí koríko ti dúdú, ibẹ̀ ni ìyá mi àti àwọn orogún rẹ̀ ti ń fọ epo kí wọ́n tó bí mi. Èmi náà gún ẹyìn níbẹ̀ ní ọmọge."

"Ìhá rẹ̀ ńkọ́, Màmá?"

"Ìhá? Ó wà níbẹ̀. Ta ló máa kó o?"

"Ṣé àwọn tó ta ilẹ̀ náà kò mọ̀ ni?"

Ó fẹ́ ìyàngbò jáde nínú àtẹ rẹ̀. "Wọ́n mọ̀. Ta ló bi wọ́n?"

Ọ̀gá padà, ó fi ọ̀pá irin rẹ̀ gún ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀ náà láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Níwájú, ọ̀pá náà kọ̀. Bí ó ṣe dé ìdajì ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí ìgbà tí ènìyàn ki ọwọ́ bọ inú àpò. Ó fà á jáde, ó nà án sí mi ní imú. Òórùn epo àtijọ́ ni. Lójú ara wa, a rí i pé ìdajì ilé yóò jókòó lórí ilẹ̀ líle, ìdajì yóò jókòó lórí ìhá. Bí gbogbo rẹ̀ bá rì pọ̀, ó ṣì sàn díẹ̀. Èyí tí apá kan ń rì tí apá kejì dúró, ńṣe ló ń ya ilé sí méjì.

Èmi ni mo bu ọ̀dà pupa. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni Màmá Tèmídire dé. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó dúró síwájú Ọ̀gá.

"Òkun pàápàá kò fi ọ̀dà kun ilé bàbá mi kó tó gbé e! Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ ju òkun lọ ni?"

Ọ̀gá dá a lóhùn pẹ̀lẹ́. "Ká ní òkun lè kun ọ̀dà ni, Màmá, ẹ ò bá ti kó ẹrù yín jáde."

Kò gbọ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó ti sá fún omi, tí o wá sọ fún un pé ilẹ̀ náà ń rìn, kí ló kù fún un? Wálé fi dá a lójú pé òun ti fi irin kún ẹ̀yìn. Nígbà ọdún Kérésì tí ọ́fíìsì wà ní títì, wọ́n kun ọ̀dà funfun lé tiwa lórí, ilé sì gòkè. A kọ̀wé sí i, a tún kọ̀wé, ọ̀rọ̀ ń lọ láti tábìlì kan dé èkejì. Kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, Màmá ti kó wọlé, ó sì ti fi télọ̀ kan sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀dà pupa kò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, Ọ̀gá Akíndúró máa ń gba ọ̀nà Erinje relé, bẹ́ẹ̀ Ìkọ̀yà tó wà lọ́nà mìíràn ni ilé rẹ̀ wà.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Tèmídire wọ ọ́fíìsì wa, gèlè rẹ̀ ti tú. A rò pé èébú ló kù tó fẹ́ wá bù wá.

"Ọ̀gá," ó ní, "ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kò fẹ́ tì mọ́."

Akọ̀wé wa tí kì í pa ẹnu mọ́ ní, "Màmá, ẹ ṣì ọ́fíìsì. Káfíńtà lẹ ń wá."

Kò tilẹ̀ wò ó. "Lánàá ó tì. Lónìí ó ń fi orí kan férémù rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, orí igi tí a rì mọ́lẹ̀ ni ilé wa wà. Bí ilẹ̀kùn bá ti ń bá férémù jà, a kì í béèrè ìdí, ńṣe la ń gbé ọmọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Mo ti kó àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ yẹn kò gbọ́ tèmi."

Ọ̀gá ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó parí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ògiri ẹ̀gbẹ́ ti là. Ìlà náà fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, èyí tó fi hàn pé ẹ̀yìn ilé ń yí lọ. Ọ̀gá ki ìka bọ̀ ọ́, ó ní kí a kó gbogbo ènìyàn jáde. Àwọn ayálégbé jáde. Télọ̀ jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rán lọ.

"Ẹ wò ó, bàbá, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ni mo ń rán. Ọjọ́ ìkórè wọn ti dé tán. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọrin fún wọn níhòòhò ni?"

Ọ̀gá kò bá a jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà pẹ̀lú tábìlì rẹ̀ lé orí, ó jáde. Ọ̀gá Akíndúró, tí kì í gbé ohùn sókè! Télọ̀ sáré tẹ̀lé e, aṣọ akọrin ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pariwo olè. Àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀lé wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe sá dé òdìkejì ọ̀nà nìyẹn, tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tí télọ̀ fi di Ọ̀gá ní kọ́là.

Ìjà náà kò tíì parí nígbà tí òjò dé. Mo gbọ́ ohun kan bí ìgbà tí ènìyàn ya aṣọ tuntun, gígùn, láìsinmi. Mo wo òkè. Ẹ̀yìn ilé náà kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo lè rí sọ nìyẹn, ó kúnlẹ̀, lẹ́yìn náà ó dojú bolẹ̀, dẹ́kìn, ìyẹn àjà kọnkéré rẹ̀, sì tẹ́ lé gbogbo rẹ̀ lórí bí ẹní. Eruku gòkè nínú òjò. Iwájú ilé ṣì dúró, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń nà lọ sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Télọ̀ fi kọ́là Ọ̀gá sílẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Ọ̀gá mú.

Kò sí ẹni tó fara pa. Mo ti lọ sí ibòmíràn tí kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní kọ nípa wọn níhìn-ín.

Wálé dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá nínú omi. Màmá yíjú sí i. "Dìde," ó ní. "Wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri, àwa méjèèjì la kà á."

Gbogbo ènìyàn rò pé yóò ta ilẹ̀ náà kó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó wá bá wa. "Mo ti sá fún omi. Mi ò ní sá fún ìhá. Ẹ sọ fún mi bí ilé ṣe lè dúró níbẹ̀."

A lọ gbẹ́ ihò. Inú mi dùn bí ọmọdé, torí mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí: iyẹ̀pẹ̀ dúdú lókè, lẹ́yìn rẹ̀ ìhá, ìhá, ìhá, tí o ṣì lè mọ okùn ara rẹ̀ bí o bá fi ìka ya á, títí ó fi jin ju ènìyàn lọ. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni yangí wà, pupa, ó le bí òkúta. Ọ̀gá dúró létí ihò náà, ó ń ronú. Ó yíjú sí Màmá.

"Ní etí òkun, báwo lẹ ṣe ń ri igi ilé yín mọ́ inú ẹrẹ̀?"

"A ó máa gbá a wọlé. Bí o bá ń gbá a tó ń lọ, ibi tó ń lọ kọ́ ni ilẹ̀. Ọjọ́ tí o bá gbá a tó ta ọ́ lọ́wọ́ padà, ó ti kọ̀ nìyẹn. Ibi tó bá ti kọ̀ ni ilé lè dúró."

Ọ̀gá Akíndúró rẹ́rìn-ín. Mo bá a ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, n kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Ilé etí òkun la máa kọ́ fún yín, Màmá," ó ní. "Abẹ́ ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wà."

Ẹnjiníà kan yà á fún un. Àwọn òpó gba inú ìhá kọjá lọ jókòó sórí yangí, bíìmù so wọ́n pọ̀ lókè, gbogbo ilé sì jókòó sórí bíìmù, kò fi ara lé ìhá rárá. Nígbà tí pílánù náà dé tábìlì wa, Ọ̀gá tì í sọ́dọ̀ mi. Mo bi ògiri, mo bi bíìmù, mo bi òpó, mo sì tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀ títí mo fi kan yangí. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Wálé ló kọ́ ọ. Bí òjò bá ṣú, á fi tapólì bo kòtò, á sì jókòó tì í dè wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ya wèrè ìwé. Ìwé nípa kọnkéré, nípa irin, nípa ilẹ̀, èyí tí mo rà ní àlòkù ní bọ́síkọ́nà àti èyí tí mo bẹ̀bẹ̀ fún, mo ka gbogbo wọn, n kò sì gba ìwé ẹ̀rí kankan lórí wọn. Àwọn irinṣẹ́ náà ń yí padà lójú mi. Nígbà tí mo dé, orí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ ya pílánù, o lè rí ibi tí ọwọ́ ẹni tó yà á ti gbọ̀n. Rọ́bà gígùn tí a rọ omi sí ni a fi ń wo bóyá ilé tẹ́jú. Kọ̀ǹpútà dé, iná tín-ín-rín tó ń wọn ilé dé, òòlù tó ń fi nọ́ńbà sọ agbára òpó fún ọ dé. Gbogbo wọn ni mo fẹ́ràn. Àmọ́ bí mo bá ti lo òòlù tuntun yẹn tán, màá ṣì fi ti àtijọ́ kan òpó náà, kí n kàn gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀gá Akíndúró ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Ọ̀pá irin rẹ̀ wà nínú ilé mi, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Tóyìn, tó wà ní ipò tí mo wà tẹ́lẹ̀, wá kí mi. Ẹnì kan fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Màmá Tèmídire. Pílánù náà wà nínú fóònù rẹ̀, ó sì ti bi gbogbo ògiri rẹ̀ ní ìbéèrè, torí èmi ni mo kọ́ ọ. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo ilẹ̀ náà ní iwájú, ó le.

"Ẹ̀yìn ńkọ́?" mo bi í.

"Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn, Bàbá. Ìwé tí wọ́n mú wá kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀yìn."

Mo gbé ọ̀pá irin náà, a lọ. Màmá Tèmídire ti darúgbó, ó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀.

"Bàbá Ọ̀dà Pupa!" ó ní. "Ṣé ilé mi lo tún fẹ́ kùn?"

"Ilẹ̀kùn ni mo wá wò, Màmá."

"Lọ wò ó. Ó ti mọ̀ ọ́."

Mo wọlé lọ sí yàrá ẹ̀yìn bí mo ṣe máa ń ṣe nígbàkúùgbà tí mo bá dé ibẹ̀. Mo fi ìka kan ti ilẹ̀kùn náà. Ó yí, ó dé inú férémù rẹ̀, ó tì. Kẹ́.

Nígbà tí mo jáde, Tóyìn ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Ìyá Ọ̀rẹ́ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìlú ńlá. Mo wo gbogbo àdúgbò náà, kò sí obìnrin tó dàgbà tó ọmọ etí òkun yìí mọ́.

"Màmá," ni Tóyìn wí, "kí ni wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀?"

Màmá dìde. Kò jẹ́ kí a dì í mú. Ó rìn dé ààlà, ó wọ inú koríko dúdú náà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà sílẹ̀.

"Láti ibi ẹsẹ̀ mi yìí lọ sẹ́yìn," ó ní, "epo ni wọ́n ń fọ̀. Fún un ní irin yẹn."

Mo gbé ọ̀pá Ọ̀gá Akíndúró fún Tóyìn. Ó gún ilẹ̀, ó tì í. Ọ̀pá náà ń wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í, ó ń wọlé síbẹ̀, ó wọlé títí orí rẹ̀ tó dán fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko.

"Màmá, kò tíì kọ̀ o."

"Mo mọ̀," ni Màmá Tèmídire wí. "Lọ sọ fún wọn."